Bí Àdúgbò Ṣe Lè Gba Odò Rẹ̀ Padà, Kí Ó sì Tún Máa Rìn Létí Rẹ̀

Odò Ìyá Aláró ń bọ̀ láti apá Ìkẹjà àti Ọ̀rẹ́gùn, ó ń gba abẹ́ afárá kọjá ní títì Ìkòròdú nítòsí Ọjọ́ta, ó ń la àárín Mẹ́ńdè àti Ògùdù, kí ó tó já sínú ọ̀sà. Ẹni tí ó jókòó sínú dáńfó tí ó wò ó láti orí afárá yóò pè é ní gọ́tà ńlá, nítorí pé dúdú ni omi náà, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti ike sì máa ń bò ó lójú. Ṣùgbọ́n odò ni. Ó ní orísun, ó ní ibi tí ó ń lọ, orúkọ rẹ̀ sì ń rán wa létí obìnrin kan tí ó fi aró rírẹ ṣe iṣẹ́. Ewé ẹ̀lú àti omi eérú ni àwọn aláró àtijọ́ fi ń ṣe iṣẹ́ wọn. Ohun tí à ń dà sínú odò lónìí kì í ṣe ẹgbẹ́ ìyẹn rárá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé lẹ́bàá irú odò bẹ́ẹ̀ ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, ìbáà ṣe odò yìí gan-an, ìbáà ṣe ọ̀kan nínú àwọn odò kéékèèké tí ó ń já sí ọ̀sà lápá Àkọkà, Ìwáyà tàbí Bárígà. Ẹgbẹ́ àdúgbò wa ti ń ṣe iṣẹ́ yìí bọ̀ láti ọdún mélòó kan, a sì ti ṣi í ṣe púpọ̀ kí a tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ju ohun gbogbo lọ ni pé ọ̀nà ẹsẹ̀ ni ó ń ṣọ́ odò. Ibi tí ènìyàn kì í ti kọjá ni wọ́n ti ń da ìdọ̀tí lóru, ibẹ̀ náà ni ẹni tí ó fẹ́ gba ilẹ̀ onílẹ̀ ti ń ri òpó ilé mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Bí àwọn ìyá àgbà bá ń rìn létí omi láràárọ̀, bí àwọn ọmọ bá ń gba ibẹ̀ bọ̀ láti ilé ìwé, a ti fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ṣọ́ odò náà láìsanwó fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, bí ẹ ti ń ka gbogbo ohun tí mo máa sọ nípa ṣọ́bìrì àti àpò, ẹ máa rántí pé nítorí kí ènìyàn lè rìn níbẹ̀ ni a ṣe ń ṣe é.

Ẹ kọ́kọ́ rìn ín

Ẹ yan ènìyàn 4 tàbí 5 tí ẹsẹ̀ wọn lè gbé wọn, kí ẹ sì rin etí odò náà láti ibi tí ó ti wọ àdúgbò yín títí dé ibi tí ó ti jáde. Ìrìn kan ṣoṣo kò tó. Ẹ rìn ín ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan àti ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ mìíràn, ẹ rìn ín lẹ́yìn òjò, ẹ sì tún rìn ín nígbà tí òjò kò bá tíì rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí pé ojú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni odò kan náà yóò fi hàn yín. Ẹ mú ìwé kan dání, kí ẹ ya odò náà sínú rẹ̀ bí ẹ bá ti lè yà á mọ, kí ẹ sì máa kọ ohun tí ẹ bá rí sí ibi tí ẹ ti rí i: gọ́tà tí ó ń já sínú rẹ̀, ibi tí ìdọ̀tí pọ̀ sí, ibi tí bèbè ti ń ya, ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré, ibi tí àwọn kan ti ń pẹja, àti ibi tí àwọn ènìyàn ti ń gbàdúrà.

Bí ẹ bá sún mọ́ ọ̀sà, ẹ gbọ́dọ̀ mọ bí omi ṣe ń kún àti bí ó ṣe ń fà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni omi ọ̀sà máa ń kún tí ó sì máa ń fà láàárín ọjọ́ kan, wákàtí bíi 6 ni ó sì wà láàárín kíkún àti fífà. Àkókò náà máa ń sún síwájú ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 lójoojúmọ́, nítorí náà ẹ má ṣe rò pé bí omi bá fà ní aago 8 òwúrọ̀ Sátidé yìí, aago 8 náà ni yóò fà ní Sátidé tí ń bọ̀. Nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti nígbà tí ó bá mọ́lẹ̀ rokoṣo, kíkún omi máa ń pọ̀ ju ti ìgbà yòókù lọ. Ìgbà tí omi bá fà ni ẹ lè ṣiṣẹ́. Bí ó bá kún, omi ọ̀sà a máa ti omi odò padà sẹ́yìn, ìdọ̀tí tí ẹ rò pé ó ti lọ yóò sì tún padà wá bá yín. Bí òjò ńlá bá bá omi kíkún pàdé, ìgbà náà ni ilé ń rì. Àwọn apẹja Ìlàjẹ ní Bárígà àti àwọn Ẹ̀gùn ní Mákòkó mọ ìṣírò yìí bí ẹni mọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Ẹ lọ bi wọ́n léèrè, kí ẹ sì fi ọ̀wọ̀ bi wọ́n.

Àwọn tí ẹ gbọ́dọ̀ bá sọ̀rọ̀

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí CDA, mọ̀ sí i. Àwọn ni wọ́n ní ìwé tí ìjọba ìbílẹ̀ mọ̀, àwọn ni wọ́n sì lè kọ lẹ́tà tí wọn yóò dáhùn. Ní apá ọ̀dọ̀ tiwa, ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ni lẹ́tà ń kọ́kọ́ lọ. Ẹ̀dà rẹ̀ a sì lọ sí ẹ̀ka tí ó ń bójú tó ojú àgbàrá ní Iléeṣẹ́ Àyíká àti Ọ̀rọ̀ Omi ti Ìpínlẹ̀ Èkó. Ohun méjì ni kí ẹ béèrè nínú lẹ́tà náà: kí wọ́n fún yín láyè láti tọ́jú etí odò, kí wọ́n sì wá fi ọ̀pá hàn yín ibi tí ilẹ̀ odò parí sí àti ibi tí ilẹ̀ onílé ti bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n ilẹ̀ tí òfin ní kí a fi sílẹ̀ kò dọ́gba fún odò ńlá àti fún gọ́tà kékeré, nítorí náà ẹ má ṣe fi ti àdúgbò ẹlòmíràn ṣe ìdíwọ̀n tiyín. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ sì tọ́jú ìwé náà, torí ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnìkan yóò gbé kọ́ńtéínà wá sí etí omi pé òun ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀.

Lẹ́yìn ìjọba, ẹ lọ kí Baálẹ̀. Ẹ mú àgbà dání lọ, kí ẹ má rán ọ̀dọ́mọdé nìkan sí i. Ìtàn odò náà wà lọ́wọ́ àwọn ará ilé Baálẹ̀: wọn yóò sọ ibi tí kànga wà tẹ́lẹ̀ fún yín, ibi tí ó jìn, àti ibi tí ilẹ̀ ti máa ń gbé ènìyàn mì. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹnìkan ṣoṣo nínú wa kò tíì bi wọ́n rí títí a fi lọ.

Àwọn tí ẹ kò gbọdọ̀ fo ni àwọn tí ń gbàdúrà létí omi. Àwọn onísùtánà ń wá pẹ̀lú àbẹ́là àti èso, àwọn olórìṣà ń wá pẹ̀lú igbá àti obì, àwọn mìíràn sì ń dá wá lóru láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ohun tí ó gbé wọn wá. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ń pe ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ ní ìdọ̀tí, mo sì bá wọn wí. Nígbà tí gbogbo wa kẹ́yìn sí odò yìí, àwọn wọ̀nyí ni wọn kò kẹ́yìn sí i. A lọ bá wọn jókòó, a bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ohun tí ó lè jẹrà nìkan sílẹ̀, kí wọ́n sì kó ike, ìgò àti ọ̀rá padà sílé, wọ́n sì gbà. Wòlíì kan nínú wọn ni ó ń ran wa lọ́wọ́ jù lọ báyìí, nítorí pé aago 5 ìdájí ni ó máa ń dé etí omi, bí ẹnikẹ́ni bá sì da pàǹtírí síbẹ̀ lóru, òun ni ó ń kọ́kọ́ rí i.

Ọjọ́ iṣẹ́

Títí di oṣù Kọkànlá ọdún 2016, Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù jẹ́ ọjọ́ ìmọ́tótó ní Èkó, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ rìn kiri láàárín aago 7 sí aago 10 òwúrọ̀. Ọjọ́ náà ṣì wà lára àwọn àgbàlagbà. Òun ni kí ẹ mú, nítorí pé ẹ kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ènìyàn ní ọjọ́ tuntun, kí ẹ kàn wo ìgbà tí omi yóò fà kí ẹ tó dá wákàtí.

Iṣẹ́ tí ó bá wúwo, ẹ ṣe é láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì. Oṣù Kẹfà ni òjò máa ń pọ̀ jù ní Èkó, ó máa ń dẹwọ́ díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, kí ó tó tún padà ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá. Ẹni tí ó bá dúró di oṣù Karùn-ún kí ó tó wọ inú odò ti pẹ́. Àwọn tí wọ́n wà ní Èkó ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2011 kò ní gbàgbé bí òjò ọjọ́ kan ṣoṣo ṣe sọ títì di odò, ojú àgbàrá tí ìdọ̀tí dí sì wà lára ohun tí kò jẹ́ kí irú omi bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà lọ.

Ohun èlò kò pọ̀: ṣọ́bìrì, réèkì, àdá, báárò, ọ̀pá gígùn tí a so ìwọ̀ mọ́ lórí, àpò ìrẹsì tí a ti lò, bàtà rọ́bà tí ó dé orúnkún, àti ìbọ̀wọ́ tí ó nípọn. Ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti ilé ìwòsàn kò wúlò, ìgò tí ó fọ́ yóò là á. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ inú omi kọjá orúnkún, kí ẹ sì máa fi ọ̀pá wọn ibi tí ẹ bá fẹ́ gbé ẹsẹ̀ lé kí ẹ tó gbé e, nítorí pé ẹrẹ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ lè jìn ju omi tí ó wà lókè lọ. Kí ọmọdé má ṣe sún mọ́ bèbè ní ọjọ́ iṣẹ́. Ẹ lè fún wọn ní iṣẹ́ kíkọ iye àpò sínú ìwé. Ẹni tí ó bá ní egbò kí ó dúró sílé. Ìtọ̀ eku inú irú omi bẹ́ẹ̀ lè gba ojú egbò wọ ara kí ó sì di àìsàn, irin tí ó dípẹtà sì lè gún ènìyàn, nítorí náà ẹ mú ẹni tí ó bá fara pa lọ gba abẹ́rẹ́ àkóràn ipá (tetanus) lọ́jọ́ náà gan-an. Ọṣẹ àti omi mímọ́ púpọ̀ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí oúnjẹ tó jáde. Ìgbà tí kọ́lẹ́rà jà ní Èkó ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, a dá iṣẹ́ dúró pátápátá, mo sì gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ bí irú rẹ̀ bá tún dé. Bí ewu ńlá bá ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà tí ẹ óò pè ní Èkó ni 767 tàbí 112.

Ní ọdún àkọ́kọ́, a ṣe àṣìṣe kan tí mi ò fẹ́ kí ẹ tún ṣe. A kó ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí jáde láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, ara gbogbo wa ń ro wá, inú wa sì dùn bí a ti ń wo òkìtì tí a kó jọ sí bèbè. A rò pé ọkọ̀ tí a ti bá sọ̀rọ̀ yóò wá kó o ní ọjọ́ Ajé. Kò wá. Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè, òjò rọ̀, ó sì gbá gbogbo òkìtì náà padà sínú odò, tí ó fi jẹ́ pé ní ọjọ́ kejì, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé a ṣe ohunkóhun níbẹ̀ rí. Mo jókòó sórí báárò mi, omijé sì bọ́ lójú mi. Láti ìgbà náà ni a ti ní òfin tí a kì í rú: bí ọkọ̀ tí yóò kó ìdọ̀tí kò bá tíì dé, kò sí ẹni tí yóò gbé ṣọ́bìrì. Ẹ bá àwọn PSP tí ń kó ìdọ̀tí àdúgbò yín sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ kọ̀wé sí LAWMA, àjọ tí ó ń bójú tó ìdọ̀tí ní Ìpínlẹ̀ Èkó, pẹ̀lú, kí ẹ sì jẹ́ kí owó ọkọ̀ jẹ́ owó àkọ́kọ́ tí ẹ óò dá. Bí ọkọ̀ tí ẹ rí bá kéré, iṣẹ́ tí agbára rẹ̀ tó ni kí ẹ ṣe; àpò 20 tí ó kúrò nílẹ̀ sàn ju 200 tí ó padà sínú omi lọ.

Bí ẹ bá ti ń kó o, ẹ máa yà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ike omi àti ti mínírà ní olùrà, kílò ni wọ́n fi ń rà á, àwọn tí ń ṣa ike kiri àdúgbò mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á. Ẹ pè wọ́n wá, kí owó náà sì jẹ́ tiwọn. Èyí ni yóò mú kí wọ́n máa padà wá ní ọjọ́ tí ẹ kò sí níbẹ̀. Ọ̀rá kò fi bẹ́ẹ̀ ní olùrà bí ó bá ti wọnú ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀dú tí a fi ń gbin ẹ̀fọ́, pàápàá ní odò tí omi iléeṣẹ́ ń wọ̀, nítorí pé òróró àti kẹ́míkà wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ díẹ̀ lórí tápólì ní ibi tí ó jìnnà sí bèbè, kí ọkọ̀ sì kó o lọ ní ọjọ́ náà.

Ẹ kíyè sí koríko tí ó ń léfòó pẹ̀lú. Ojú oró àti òṣíbàtà ti wà lórí omi wa láti ayébáyé, ṣùgbọ́n èyí tí òdòdó rẹ̀ jọ àwọ̀ àlùkò, tí ewé rẹ̀ nípọn tí ọrùn rẹ̀ sì wú bí àpò atẹ́gùn, àjèjì ni. Láàárín ọdún 1980 sí 1989 ni ó gba ojú omi Àgbádárìgì wọlé láti apá Bẹ̀nẹ̀. Iyọ̀ ń pa á, nítorí náà nígbà ẹ̀rùn tí omi òkun bá wọ inú ọ̀sà, ó máa ń kú fúnra rẹ̀. Nígbà òjò ni ẹ óò rí i pé ó di ojú odò pa. Ẹ fa á jáde kí ó tó tan, kí ẹ má sì fi sí bèbè.

Ohun tí ó ń dá ìdọ̀tí dúró

Kíkó ìdọ̀tí lẹ́ẹ̀kan lóṣù kò lè borí èyí tí ó ń ṣàn bọ̀ láti òkè lójoojúmọ́. A wá ta okùn ìdènà kan sí ojú odò níbi tí ó ti tóóró. Bí a ṣe ṣe é nìyí: a kó kéègì lítà 25 tí ó ṣófo jọ, a dé wọn pinpin kí omi má baà wọlé, a sì fi okùn tí ó nípọn so wọ́n mọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀. A wá rán àwọ̀n apẹja tí ó ti gbó mọ́ abẹ́ wọn, ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sí ìsàlẹ̀, kí ohun tí ó ń léfòó lè há sínú rẹ̀, kí omi àti ẹja sì lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. A kò ta á ní tààrà láti bèbè dé bèbè. A dagun rẹ̀ díẹ̀, kí omi lè máa ti ìdọ̀tí sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, níbi tí ènìyàn ti lè dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ kí ó fi ìwọ̀ fà á jáde. Bí a bá ta á tààrà, àárín odò ni ohun gbogbo yóò kó sí, ẹnìkan yóò sì ní láti wọ omi lọ kó o.

Ẹ gba àṣẹ ẹ̀ka ojú àgbàrá kí ẹ tó ta irú okùn bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí ó bá dí ojú omi ní ọjọ́ òjò ńlá, ilé àwọn ará òkè odò ni yóò rì. Ẹ so ẹ̀gbẹ́ kan mọ́ òpó gbọn-in gbọn-in, kí ẹ sì so ẹ̀gbẹ́ kejì lọ́nà tí ẹnìkan lè fi tú u láàárín ìṣẹ́jú kan. Kí ẹni méjì tí ilé wọn sún mọ́ ibẹ̀ jẹ́ alábòójútó rẹ̀. Bí wọ́n bá rí i tí ojú ọ̀run ṣú, kí wọ́n tú u, kí ó sì fi ara mọ́ bèbè títí òjò yóò fi dá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ó kéré tán, ni kí ẹ máa kó ohun tí ó bá há sí i.

Okùn yìí tún kọ́ wa ní ohun kan. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí ó ń há sí i, a rí i pé abọ́ fóòmù tí wọ́n fi ń di oúnjẹ wà lára èyí tí ó pọ̀ jù. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé òun fi òfin de abọ́ náà. A mú ìwé wa lọ bá àwọn ìyá olóúnjẹ ní àdúgbò, a kò fi òfin halẹ̀ mọ́ wọn, a kàn fi iye tí a kà hàn wọ́n, a sì bẹ̀ wọ́n pé kí oníbàárà máa mú abọ́ tirẹ̀ wá. Àwọn kan padà sí ewé fún mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ. Ẹ máa kà, kí ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó ní iye nínú kì í tètè di ìjà.

Lílà ọ̀nà ẹsẹ̀

Ọ̀nà náà kò ní láti gbòòrò. Mítà kan ààbọ̀ tó kí ènìyàn méjì pàdé láìfara kanra, tàbí kí ìyá kan ti kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ kọjá. Ẹ gbé e jìnnà sí etí bèbè, kí ó sì wà nínú ilẹ̀ tí ìjọba fi ọ̀pá hàn yín, níbi tí katapílà tí ń gbẹ́ odò ṣì lè rí àyè kọjá. Ẹ fi ilẹ̀ pupa tí a gún mọ́lẹ̀ ṣe é, kí ẹ jẹ́ kí àárín rẹ̀ ga díẹ̀ kí omi má baà dúró lórí rẹ̀. Ẹ má ṣe da kọnkéré sí i láti òpin dé òpin, ilẹ̀ tí ó lè mu omi ni a nílò níbẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ bá rọ̀, ẹ kó iyanrìn sínú àpò, ẹ tò wọ́n, kí ẹ sì da ilẹ̀ lé e. Ní ibi tí ó jẹ́ irà pátápátá, pákó tí a gbé lé orí òpó ni ó dára jù. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí bí a ṣe ń ṣe é kí ó lọ sí ọgbà ìdáàbòbò ẹ̀dá ní Lẹkí, èyí tí Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní ọdún 1990. Yàtọ̀ sí afárá òkè igi tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401 tí gbogbo ènìyàn ń lọ ya fọ́tò lórí rẹ̀, ẹ wo ọ̀nà pákó tí ó gba orí irà kọjá nísàlẹ̀. Òun gan-an ni ẹ̀kọ́ tiwa.

Láti di bèbè mú kí ó má yà, koríko tí wọ́n ń pè ní vetiver dára. Gbòǹgbò rẹ̀ máa ń lọ sísàlẹ̀ tó mítà 3, kì í sì í tàn kiri bí èpò. Ẹ gbìn ín ní ìlà tí ó dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bèbè, kí àlàfo sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 wà láàárín ìdí kan sí èkejì, ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ní ẹnu ọ̀sà, ẹ má ṣe gé àwọn igi tí gbòǹgbò wọn dúró sókè omi bí ẹsẹ̀ akàn. Abẹ́ wọn ni edé àti ọmọ ẹja ń sá sí, àwọn ni wọ́n sì ń gba agbára ìgbì omi. Igi fúrúùtù fún ìbòòji, ẹ gbìn ín sí òdìkejì ọ̀nà, kí ewé rẹ̀ má baà máa wọ́ sínú odò.

Iná gbọ́dọ̀ wà. Iná sólà 6 péré ni a fi bẹ̀rẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n sì ti wà ni àwọn obìnrin ti ń gba ibẹ̀ bọ̀ láti ọjà ní ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá ní owó fún ìjókòó tàbí fún iná, iná ni kí ẹ fi owó náà rà. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé kíóṣì kalẹ̀ lórí ọ̀nà náà, ìbáà ṣe ọmọ ẹgbẹ́, ìbáà ṣe alága. Ọ̀kan ṣoṣo ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀.

Bí àwọ̀ omi bá yí padà

Ìgbà mìíràn wà tí ẹ óò jí rí i pé omi ti di pupa tàbí búlúù, tàbí pé ìfóòfó ti bò ó, òórùn rẹ̀ sì ń ta ènìyàn nímú. Ẹ má ṣe lọ kan ìlẹ̀kùn iléeṣẹ́ kankan. A ti ṣe é rí, àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lé wa, a sì padà sílé pẹ̀lú ọwọ́ òfo. Ohun tí ó wúlò ni pé kí ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò, kí ẹ sì rìn lọ sókè odò títí ẹ óò fi rí gọ́tà tí àwọ̀ náà ti ń jáde. Ẹ fi ìgò mímọ́ bu omi díẹ̀ lókè ibẹ̀ àti nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ lẹ ìwé mọ́ ọn, kí ẹ sì kó gbogbo rẹ̀ lọ fún LASEPA, àjọ tí ó ń dáàbò bo àyíká ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹ mú ẹ̀dà lẹ́tà yín dání kí wọ́n lè lu òòǹtẹ̀ gbígbà sí i. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ní ọjọ́ kan náà láàárín ọ̀sẹ̀, ìwé yín yóò fi hàn, ìyẹn sì ni olùyẹ̀wò nílò kí ó lè mọ ọjọ́ tí òun yóò wá.

Ní ọjọ́ mìíràn, ẹ fi àwo funfun wọn bí omi ṣe mọ́ sí. Ẹ so àwo náà mọ́ ọ̀pá tí ẹ fàlà sẹ̀ǹtímítà sí lára, ẹ rì í sínú omi díẹ̀díẹ̀, ibi tí ojú yín kò bá ti rí i mọ́ ni kí ẹ kà. Ẹ ṣe é ní ibi kan náà, nígbà tí omi bá fà, lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, àwo wa ń pòórá kí ó tó rì tán.

Gbígbádùn rẹ̀

Apá yìí ni àwọn ẹgbẹ́ kan máa ń fi sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn, wọ́n á ní ó di ìgbà tí omi bá mọ́. Ẹ má dúró. Láti oṣù kẹta tí a bẹ̀rẹ̀ ni a ti ń pe àwọn ènìyàn wá rìn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, àwọn tí kò lè gbé ṣọ́bìrì rárá ni wọ́n sì ń wá jù. Bàbá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ń kọ́ àwọn ọmọ ní orúkọ ẹyẹ, láti orí lékeléke títí dé àwòdì tí ó ń yí lókè. Ẹ fi àwọn ọmọ rìn lẹ́yìn àgbà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ orúkọ odò náà, nítorí pé mo ti bá ọmọ ọdún 12 pàdé tí wọ́n bí sí àdúgbò yìí, tí ó pè é ní kànáà lásán.

Ìlúwẹ̀ẹ́ kò sí nínú ohun tí mo ń sọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹ má ṣe jẹ ẹja tí ẹ pa nínú odò tí omi iléeṣẹ́ ń wọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi títí dé ọ̀sà, kí olúkúlùkù wọ ẹ̀wù ìléfòó, kí àgbà àti ọmọdé wọ̀ ọ́, kí ẹ sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní ọjọ́ ìrìn, ẹ gbé ìwé odò náà dání pẹ̀lú. Akọ̀wé wa máa ń kọ iye ẹni tí ó wá, ohun tí a rí, àti iye sẹ̀ǹtímítà àwo funfun sínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò fi lé ẹni tí ó kéré jù lọ́wọ́ láàárín àwọn tí ó lè kàwé, kí ó ka ti oṣù tí ó kọjá sókè fún gbogbo wa. Ní oṣù tí ó kọjá, ọmọbìnrin kan kà á pé a rí akàn 2 lórí ẹrẹ̀ lábẹ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀. Gbogbo wa sì bẹ̀rẹ̀, a ń wá wọn.